Ẹnu Ta Ni Ìjìnlẹ̀ Yorùbá Wà? Àyẹ̀wò Èdè Fíìmù Agbára Ńlá láti Kétu

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìjọ sábà ń gbà jáde tọ àwọn tí kò sí nínú agbo rẹ̀ lọ: ìwàásù àwọn míṣọ́nnárì, ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí àjálù bá, àti eré, orin pẹ̀lú fíìmù. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. Bí àwọn ènìyàn bá ń ṣe ìdájọ́ fíìmù ìhìnrere, ohun méjì ni wọ́n máa ń béèrè: ṣé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ bá Bíbélì mu, ṣé ó sì yí ọkàn padà? Ìbéèrè tiwa yàtọ̀. Irú Yorùbá wo ni fíìmù náà fi sí ẹnu ta? Èrò wa ni pé Agbára Ńlá, ọ̀kan nínú àwọn fíìmù ìhìnrere Yorùbá tí òkìkí wọn kàn jù lọ, kó ìjìnlẹ̀ èdè fún ọ̀tá, ó sì fi èdè tí kò ní ọ̀ṣọ́ sílẹ̀ fún ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Ìpín yìí kò tọ́, kò sì pọn dandan fún iṣẹ́ tí fíìmù náà fẹ́ jẹ́.

Mount Zion Faith Ministries, tí Mike Bamiloye dá sílẹ̀ ní 1985, ni ó ṣe fíìmù yìí, ó sì jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ó dára kí a fi í wé ọ̀nà mìíràn tí ìjọ ń gbà lo fíìmù. Fíìmù JESUS, tí ó jáde ní 1979 tí wọ́n sì gbé ka Ìhìnrere Lúùkù, ti gba ohùn èdè tó lé ní 2,000. Àwòrán kan náà ni, ohùn ni wọ́n ń pààrọ̀. Ẹni tó ń túmọ̀ ibẹ̀ kò lómìnira: gbólóhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnu òṣèré bá là, kí ó sì parí nígbà tí ẹnu náà bá pa dé. Agbára Ńlá kò ru irú àjàgà bẹ́ẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi rò ó, Yorùbá ni wọ́n sì fi ṣe é. Nítorí náà, ohun tí ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan ń sọ jẹ́ ohun tí wọ́n yàn fún un, a sì lè béèrè ìdí.

Ẹ gbọ́ Ayamatanga, olórí ìránṣẹ́ òkùnkùn nínú fíìmù náà. Ọfọ̀ ni ohun ìjà rẹ̀. Ọfọ̀ kì í ṣe ariwo lásán, ó ní gírámà tirẹ̀: ìhun gbólóhùn tó ń jọ ara wọn, àti eré ìró láàárín orúkọ nǹkan àti iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ó ṣe. Pierre Verger, tí ó di babaláwo ní Kétu tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúnmbí, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ Ewé (1995) pé ọ̀rọ̀-ìṣe inú ọfọ̀ sábà máa ń bá sílébù kan nínú orúkọ ewé dọ́gba ní ìró. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè tó bá fẹ́ mọ bí ohùn àti ìtumọ̀ ṣe ń wọ ara wọn ní Yorùbá, ọ̀dọ̀ ọlọ́fọ̀ ni yóò lọ.

Ẹ wá gbọ́ àdúrà tó ń dá a lóhùn. Gbólóhùn àṣẹ kúkúrú ló pọ̀ nínú rẹ̀, àwítúnwí ni ọ̀ṣọ́ rẹ̀, orúkọ Jésù ni ó sì ń parí rẹ̀. Òye ohun tí olùdarí fẹ́ kò ṣòro: ẹni tó ní agbára tòótọ́ kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí pásítọ̀ gbé lọ́wọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé Sáàmù àti Ìwé Òwe kún fún gbólóhùn méjì-méjì tó ń dá ara wọn lóhùn, ìhun tí etí Yorùbá mọ̀ dáadáa. Pásítọ̀ ní ìjìnlẹ̀ tirẹ̀ nínú àpò, fíìmù kò jẹ́ kí ó mú un jáde.

Ẹnìkan lè sọ pé orò ló ni ọfọ̀, pé Kìrìsìtẹ́nì kò lè fọwọ́ kàn án. Ìtàn èdè ìjọ fúnra rẹ̀ kò gbè é lẹ́yìn. Àdúrà, ìwàásù, wòlíì, àlùfáà: ọ̀rọ̀ àyálò láti inú Lárúbáwá ni wọ́n, ẹnu Mùsùlùmí ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ wà kí Kìrìsìtẹ́nì tó lò wọ́n. Bíbélì Yorùbá tí ó parí ní 1884, nínú èyí tí Samuel Ajayi Crowther kó ipa pàtàkì, kò bẹ̀rù wọn. Lónìí, kò sí ọmọ ìjọ tó ń rò pé èdè ẹ̀sìn ẹlòmíràn ni òun ń sọ nígbà tó bá ń gbàdúrà. Bí ọ̀rọ̀ bá lè yí agbo padà báyìí, ìhun gbólóhùn náà lè yí i.

Àwíjàre kejì lágbára jù: bí ọ̀tá kò bá le, ìṣẹ́gun kò ní dùn. A gbà. Gẹ́gẹ́ bí eré, Ayamatanga ni ọwọ̀n fíìmù náà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kì bá tí gbọ́ ọfọ̀ rí láìsí irú fíìmù yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n ń mú lọ ilé? Pé ẹni tí Yorùbá rẹ̀ bá jinlẹ̀ jù, kí a ṣọ́ra fún un. Àgbàlagbà tó bá ń pòwe, tó bá ń kì ènìyàn lóríkì, ti di ẹni ìfura lójú ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ní Kétu, ọ̀rọ̀ yìí tún wúwo sí i. Kétu ni ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orírun Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ẹ̀dá. Ní alẹ́ ẹ̀fẹ̀, akọrin máa ń júbà àwọn ìyá kí ó tó fẹnu ba ọ̀rọ̀ ìlú. Ó lè bú olè, ó lè fi ẹni ńlá ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ó yẹ kí òun kọ́kọ́ kí. Nínú ìlò yẹn, ìyá wa, ìyá àgbà àti àjẹ́ kò dọ́gba: ọ̀wọ̀, ìbẹ̀rù àti ìpẹ̀tù wà nínú wọn ní ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fíìmù ìhìnrere gé gbogbo rẹ̀ kúrú sí ọ̀rọ̀ kan, àjẹ́, ó sì sọ ọ́ di ọ̀tá nìkan. A kò ní kí ìjọ gba ohun tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ bá ará Kétu sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ní ju ojú kan lọ, pàápàá níbi tí ẹ̀sùn àjẹ́ ti lè lé ìyá arúgbó kúrò nílé rẹ̀. Fadá Thomas Moulero, ọmọ Kétu tí ó di àlùfáà Kátólíìkì ní 1928, kọ ìtàn ìlú rẹ̀, ó sì kọ nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Kò fi ìsìn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó tẹ́tí sílẹ̀.

Ìdènà mìíràn tún wà. Láti ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti pín ilẹ̀ yìí ní 1889, ilé-ìwé wa ti yàtọ̀. Yorùbá fíìmù náà kì í ṣe ti Kétu, kì í ṣe ti Ṣábẹ̀ẹ́, kì í sì í ṣe ti àwọn Ìfẹ̀ ilẹ̀ Tógò. Bí wọ́n bá kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀ àwòrán, Gẹ̀ẹ́sì ni. Kódà bí wọ́n bá kọ ọ́ ní Yorùbá, ọmọ tó kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì èdè ilẹ̀ wa, tí ń kọ ɛ, ɔ, kp àti sh, yóò bá ẹ, ọ, p àti ṣ pàdé. Òǹwòran wa lè gbọ́ ìjíròrò ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọfọ̀, tí ó gbára lé ìró àti ohùn ẹ̀ka-èdè kan, ni yóò kọ́kọ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tó kù ní etí rẹ̀ ni ẹ̀rù.

Nínú iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́, kò sẹ́ni tó ń gba irú èyí láàyè. Nígbà tí omi ya bo ọ̀pọ̀ ìlú ní Bẹ̀nẹ̀ ní 2010, ẹni tó bá gbé oògùn dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ilé wọn wó ní láti wá ẹni tó gbọ́ èdè àdúgbò, nítorí pé àṣìgbọ́ lè pa ènìyàn. Àṣìgbọ́ fíìmù kì í yára pani, ṣùgbọ́n ó ń bá ni gbé pẹ́.

Iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Kí wọ́n fi fíìmù yìí han àgbà àti ọ̀dọ́ ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, kí wọ́n sì ní kí oníkálukú tún ìtàn náà sọ ní ẹ̀ka-èdè tirẹ̀. Kí wọ́n wo ohun tó ṣẹ́kù nínú ọfọ̀, ohun tó ṣẹ́kù nínú àdúrà, àti orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn obìnrin inú rẹ̀. Ìjọ tó bá fẹ́ ṣe fíìmù ti ilẹ̀ yìí lẹ́yìn náà yóò rí ohun tí yóò mú lò níbẹ̀.