Èèpo Àgbọn Márùn-ún

Àgbọn kì í wọ́n wa ní etíkun Àgbádárìgì. Bí wọ́n bá ti là á, tí wọ́n yọ inú rẹ̀ tán, èmi ni mo ń ṣa èèpo rẹ̀. Òun ni mo fi ń kọ́ ọmọdé ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà.

Màá to márùn-ún sórí iyanrìn, màá fi igi kọ nọ́ńbà sábẹ́ wọn láti ọ̀tún lọ sí òsì: 1, 2, 4, 8, 16. Èyí tó bá ṣíjú sókè, a kà á. Èyí tó bá dojú dé, a fò ó. Òfin eré náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màá ní kí wọ́n fún mi ní 13. Ariwo dé nìyẹn! Èdè Ògù á máa dà lu Yorùbá, ẹnì kan á ṣí 16, òmíràn á pariwo pé, "Ó ti pọ̀ jù, dé e padà!" Nígbà tó bá yá, 8, 4 àti 1 nìkan ló máa ṣíjú sókè. Márùn-ún yìí lè ka òdo dé 31. Ẹ fi ẹyọ kan ṣoṣo kún un, ó di 63. Ibẹ̀ lojú wọn ti máa ń là pé ojú méjì péré, ṣíṣí àti dídé, ni kọ̀ǹpútà náà fi ń ka nọ́ńbà.

Èmi kọ́ ni mo dá irú eré yìí sílẹ̀ o. Tim Bell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New Zealand ló fi káàdì alámì ṣe tiwọn, tí wọ́n pè é ní CS Unplugged. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí babaláwo ti ń ju ọ̀pẹ̀lẹ̀: èso mẹ́jọ, ojú méjì méjì, odù 256. (Mo sọ èyí fún òbí kan, ó ní ṣé Ifá ni mo ń kọ́ ọmọ òun ni!)

Eré "ẹ̀rọ" ni mo fẹ́ràn jù. A ó fi aṣọ di ọmọ kan lójú, òun ni ẹ̀rọ, ẹnì kejì á máa pàṣẹ fún un láti ìdí àgbọn dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ apẹja. Bó bá ní "Yà!" láìsọ ọ̀tún tàbí òsì, ẹ̀rọ kò ní mira. Apàṣẹ á kígbe títí, kó tó rí i pé àṣẹ òun ni kò pé.

Èèpo àgbọn nìkan kò tó. Dandan ni kí ọmọ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ya kọ̀ǹpútà sójú pátákó kí ọmọ dà á kọ, ẹ dákun, ẹ kó wọn jáde sórí iyanrìn lọ́la.