Ìrántí àti Ìdájọ́ nínú Eré Onítàn Efúnṣetán Aníwúrà

Lẹ́nu ọ̀pọ̀ Yorùbá, orúkọ Efúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, ti di àpèjúwe òǹrorò obìnrin. Eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí ó jáde ní 1970, ni ó gbin èrò yìí sí wọn lọ́kàn jù lọ. Eré náà fi hàn kedere bí ohun tí ó rọrùn láti rántí ṣe ń di ìdájọ́, tí èyí tí ó ṣòro láti rántí sì ń di ohun ìgbàgbé.

Ikú Adétutù, ẹrú tí ó lóyún, kì í kúrò lọ́kàn òǹkàwé tàbí òǹwòran. Ọgbọ́n òǹkọ̀wé hàn níbẹ̀: ìyà àwọn ẹrú tí ìtàn kò dárúkọ di ohun tí ó ní ojú àti ohùn. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ àìlọ́mọ tí ó ń jẹ Ìyálóde fúnra rẹ̀ lọ́kàn, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ó fi wọlé. Ohun tí etí gbọ́ kì í pẹ́ nínú ìrántí bí ohun tí ojú rí.

Ìwé ìtàn Samuel Johnson, tí ó jáde ní 1921, sọ bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Efúnṣetán bí ṣe kú lórí ìkúnlẹ̀. Kò sì fi ìkà tí ó ṣe sí àwọn ẹrú pamọ́. Síbẹ̀, ẹ̀sùn mẹ́ta tí Ààrẹ Látòósà kà sí i lọ́rùn ní 1874 kò kan ẹrú rárá: kò bá Ààrẹ lọ sójú ogun, kò fi ìrànwọ́ ránṣẹ́ sí i níbẹ̀, kò sì jáde lọ pàdé rẹ̀ nígbà tí ó ti ogun dé. Nínú eré, Efúnṣetán fọwọ́ ara rẹ̀ gbé májèlé jẹ. Nínú ìtàn, wọ́n pa á nínú ilé rẹ̀ lóru, Ààrẹ sì lọ́wọ́ nínú ọ̀tẹ̀ náà. Ẹni tí ó bá rántí májèlé nìkan ti dá àwọn apànìyàn sílẹ̀ láìfura.

Òǹkọ̀wé lẹ́tọ̀ọ́ láti tún ìtàn hun, ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹrú kò sì ṣeé fọ̀ kúrò lọ́wọ́ Ìyálóde. Ẹni tí ó fi eré náà ṣe ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Olùkọ́ tí ó bá ń fi eré yìí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ka ẹ̀sùn mẹ́ta náà sí wọn létí, kí ó tó bi wọ́n pé irú ènìyàn wo ni Efúnṣetán.