Àárín Tó Ṣófo: Lámèyítọ́ lórí Àgbàlá Ààfin

Ọdún 1938 ni wọ́n ṣí mùsíọ́mù kan tí wọ́n ń pè ní The Cloisters sílẹ̀ ní apá òkè Manhattan, nílùú New York. George Grey Barnard, agbẹ́kùúta ọmọ Amẹ́ríkà, ló kó púpọ̀ nínú òkúta rẹ̀ jọ láti àwókù ilé àwọn mọ́ńkì nílẹ̀ Faransé. Owó Rockefeller, olówó ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n sì fi rà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1925. Òpó ilé mọ́ńkì Saint-Michel-de-Cuxa, iṣẹ́ ọ̀rúndún kejìlá, ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ló ń bu ẹnu àtẹ́ lu bí wọ́n ṣe tú ilé onílé kó wá sókè òkun, mo sì wà lára wọn. Síbẹ̀, ohun kan yé àwọn tó tún un tò. Wọn kò fi òpó wọ̀nyẹn ti ògiri fún ìwòran. Wọ́n tò wọ́n yí gbàgede onígun mẹ́rin ká, wọ́n da òrùlé bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí i po, wọ́n sì fi àárín sílẹ̀ fún oòrùn, òjò àti koríko.

Àárín yẹn gan-an ni ilé mọ́ńkì. Mọ́ńkì kì í jáde sí ìgboro bó ṣe wù ú. Láti ibùsùn dé ilé ìjọsìn, láti ilé ìjọsìn dé ibi tí wọ́n ti ń jẹun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ló ń gbà. Ní Gloucester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìnlá ṣì dúró ṣinṣin, èèyàn ṣì lè ka ogún ìyẹ̀wù tóóró tí àwọn mọ́ńkì ti ń jókòó kàwé lójú fèrèsé, kó sì rí ọpọ́n òkúta gígùn tí wọ́n ti ń fọwọ́ kí wọ́n tó lọ jẹun. Gbogbo ìrìn wọn ń yí ibi tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ nǹkan sí ká.

Ta ni yóò wá ti Kétu tàbí Ìkòsì ní Èkó gba físà torí ọ̀dẹ̀dẹ̀? Kò pọn dandan. Ní àkókò tí wọ́n ń gbẹ́ òkúta Cuxa, Ilé-Ifẹ̀ ń tẹ́ àgbàlá tirẹ̀. Àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ ẹ. Wọn kò fi í lélẹ̀ pẹrẹsẹ. Wọ́n gbé e dúró lórí etí, wọ́n tò ó ní ìlà-ìlà bí egungun ẹja, nígbà mìíràn wọ́n á fi òkúta funfun kéékèèké là á láàárín. Ìtàn Ifẹ̀ so iṣẹ́ yìí mọ́ Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Peter Garlake wa ilẹ̀ Obalara ní Ifẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ògiri amọ̀ ti yòrò tipẹ́, igi àjà ti jẹrà, ewé òrùlé ti di ilẹ̀. Ilẹ̀ títẹ́ ló kù, ìkòkò tí wọ́n rì mọ́ ọn ṣì wà níbẹ̀, àtibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fojú inú wo bí ilé ṣe rí. Ilé wó, àgbàlá ṣẹ́kù. Èyí yàtọ̀ sí ti Faransé, níbi tí òpó ti rìnrìn àjò tí ilẹ̀ rẹ̀ kò lè bá a lọ.

Ọ̀wọ̀ ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ mọ bí àṣà yìí ṣe gbilẹ̀ tó lọ. Ààfin Ọlọ́wọ̀ wà lára ohun ìrántí tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí, àwọn tó kọ̀wé lórí rẹ̀ sì sọ pé nígbà kan àgbàlá inú rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún. Ùghà ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Òmíràn gbòòrò tó láti gba gbogbo ìlú lọ́jọ́ ọdún. Òmíràn jẹ́ ti òrìṣà kan péré. Ibí ni mo ti yà kúrò lára àwọn tó máa ń sọ pé ọ̀kan náà ni ilé mọ́ńkì àti ààfin. Àgbàlá kan ni mọ́ńkì ń yí ká títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Àlejò ọba kì í yí ibì kankan ká. Ṣe ló ń wọlé, tó tún ń wọlé. Àgbàlá kan fún ẹni tó wá rojọ́, èkejì fún àwọn ìjòyè, èyí tó tún wà níwájú kì í ṣe ti gbogbo ẹsẹ̀. Bí o bá ṣe jìn tó nínú àgbàlá ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí o jẹ́. Ìtẹríba ni wọ́n fi ya àwòrán ilé náà.

Iṣẹ́ ọwọ́ inú rẹ̀ náà kò kéré. Òrùlé mẹ́rin dà sínú, omi òjò sì ń dà sí ojú kan náà. Wọ́n á gbẹ́ àárín jinlẹ̀ díẹ̀ ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, wọ́n á gbé ìkòkò sí igun tí òrùlé méjì ti pàdé, èyí tó bá ṣẹ́kù á gba ojú ihò abẹ́ ògiri jáde. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tútù lọ́sàn-án, pèpéle wà láti jókòó, ìmọ́lẹ̀ sì ń ti òkè wá, ó ń fẹ̀gbẹ́ bọ́ sára òpó.

Ìmọ́lẹ̀ ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí ni agbẹ́gilére Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́gi fún. Ọmọ bíbí Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè ni, ó di ará Ìsẹ̀, ó sì dágbére fáyé ní 1938, ọdún kan náà tí wọ́n ṣí The Cloisters. Láàárín 1910 sí 1914 ló ṣiṣẹ́ fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ẹ wo òpó ọba tó jókòó: olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ, ẹyẹ bà sórí adé, àwọn ènìyàn kéékèèké sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, Èṣù tó ń fọn fèrè wà nínú wọn. Gbogbo ènìyàn ló ń yin ojú àti irun tó gbẹ́. Ohun tí mo rò pé ó ju ìyẹn lọ ni ibi tí kò fi igi sí. Afẹ́fẹ́ ń gba àárín ọba àti ìyàwó rẹ̀ kọjá. Ojú ń la òpó já dé òdìkejì àgbàlá. Agbẹ́gilére tó mọ ibi tí òpó rẹ̀ máa dúró nìkan ló lè dá irú ihò bẹ́ẹ̀ sí. Ìlẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin yẹn náà, tó fi ìbẹ̀wò ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó ń jẹ́ Ambrose hàn, orí àwọn ère rẹ̀ yọ síta débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ já kúrò lára pákó. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, wọ́n ní òjìji. Bí iná bá kọjú sí wọn gbọnrangandan, ìdajì ọgbọ́n wọn ti lọ.

Ìlẹ̀kùn yẹn wà ní British Museum. Wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ Wembley ní 1924, wọ́n ní kí Ògògà tà á, kò tà; àga ìtẹ́ tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò rẹ̀. Òpó ọba wà ní Art Institute of Chicago. Wọ́n ń tọ́jú wọn, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n òkúta Cuxa rí gbàgede gbà ní New York. Òpó Ìkẹ́rẹ́ kò rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbà ní Chicago. Kò gbé òrùlé kankan dúró mọ́. Ère ni wọ́n ń pè é, nígbà tó jẹ́ pé apá kan ilé ni.

Kí àwa tí a wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kósọ̀fẹ́, ní Èkó, má tíì rẹ́rìn-ín. Ilé tó pọ̀ jù ní àwọn àdúgbò àtijọ́ Kétu àti ẹ̀yìn Máìlì 12 ni fésì-mí-àì-fésì-yù, yàrá mẹ́fà níhìn-ín, yàrá mẹ́fà lọ́hùn-ún, pásééjì láàárín. Àwọn tó ti Brazil padà dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló mú ilé tí ọ̀nà la àárín rẹ̀ kọjá wọ Èkó, páànù sì bá a mu ju agboolé lọ. Bí wọ́n ṣe fún àgbàlá nìyẹn títí ó fi di tóóró, tí wọ́n sì da òrùlé bò ó. Ìwà rẹ̀ kò tíì kú tán: inú pásééjì yẹn náà ni wọ́n ti ń kí ara wọn, tí wọ́n ti ń parí ìjà, tí ọmọ ti ń ṣeré bí òjò bá ń rọ̀. Ṣùgbọ́n gílóòbù ní í tàn níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ sì gba ẹnu ọ̀nà. Owó ilẹ̀ ló fà á, kì í ṣe àìmọ̀kan. Ẹni tó ní ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ní Ìkòsì kò ní fi yàrá mẹ́rin tó lè mówó wọlé ṣòfò fún ojú ọ̀run.

Ààfin kò ní àwáwí yẹn. Ilẹ̀ ń bẹ, àwọn onílé sì wà níbẹ̀. Síbẹ̀ bí wọ́n bá ní àwọn ń tún ààfin ṣe, àgbàlá ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi àjà bò kí wọ́n lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Wọ́n á wá gbé òpó alágbẹ̀ẹ́gi kan tàbí méjì sí ẹnu géètì. Wọ́n á ní ewé ń jò, amọ̀ ń wó. Demas Nwoko, ayàwòrán ilé, ti dá wọn lóhùn láti àwọn ọdún 1970, nígbà tó kọ́ ilé ìjọsìn àwọn Dòmíníkà ní Ìbàdàn, àti nínú ilé tirẹ̀ ní Idumuje-Ugboko, níbi tí òjò ṣì ń rọ̀ sí àárín ilé tí kò sì ba nǹkan kan jẹ́. Ní 2023, ìpàtẹ àgbáyé lórí ilé kíkọ́ ní Venice fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà nítorí iṣẹ́ ayé rẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ ààfin kan bá ń wá ẹni tí yóò tún àgbàlá ṣe láìdí i, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo ilé rẹ̀ kí wọ́n tó pe àwọn oníaluminíọ̀mù.