Ọwọ́ Tó Mọ Láptọ́ọ̀pù ní Festac

Ní Festac Town, ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, àdúgbò tí wọ́n kọ́ fún àwọn àlejò àjọ̀dún FESTAC ọdún 1977, mo fẹ́ràn láti máa wo àwọn tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe. Bí ti ẹbí kan bá já bọ́, tí ojú rẹ̀ kò tàn mọ́, ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í sáré tú u. Yóò kọ́kọ́ bèèrè: “Ẹ̀gbẹ́ wo ló fi balẹ̀, mà? Ṣé ó wà ní títàn?” Yóò tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rẹ̀, bí àwòrán bá hàn fírífírí, iná ẹ̀yìn ojú náà ló kú. Bí kò bá hàn, ó lè jẹ́ RAM, ìyẹn pátákó ìrántí ẹ̀rọ náà, ló kàn ṣípò, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí háàdì dísíìkì oníyíyí bá ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, yóò pa á lójú ẹsẹ̀, torí orí tó ń kà á lè máa ha àwo tí fọ́tò àwọn ọmọ wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń tàn án, tó ń pa á nírú àsìkò yẹn, ẹ gba ẹrù yín lọ́wọ́ rẹ̀.