Kí Orúkọ Tó Jáde Lẹ́nu

Dídá ẹyẹ mọ̀ nínú àbàtà jẹ́ iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orúkọ ni olórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí rẹ̀ yóò jẹ́rìí sí i pé orúkọ ló ń gbẹ̀yìn, àti pé ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn jù lọ ni àkókò kúkúrú tó wà láàárín ìgbà tí ojú tàbí etí bá pàdé ẹyẹ àti ìgbà tí ahọ́n tó gbà láti dárúkọ rẹ̀. Àbàtà tí à ń wí yìí ni ilẹ̀ tí omi máa ń dúró sí fún ìgbà pípẹ́ nínú ọdún, ì báà jẹ́ omi òjò, omi odò tàbí omi ọ̀sà, tí ewéko tó fẹ́ràn omi, irú òṣíbàtà, ojúoró àti igi ògùrọ̀, sì fi ṣe ilé.

Ọ̀kan nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó ṣẹ́kù láàárín ìlú ni ọgbà Lekki Conservation Centre ní Èkó, tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 78, tí àjọ Nigerian Conservation Foundation, èyí tí Olóyè Shafi Lawal Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ṣí ní 1990 kí díẹ̀ lè ṣẹ́kù nínú igbó àti irà etí òkun tí ilé àti títì ń jẹ run. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wọ ibẹ̀ ń lọ nítorí afárá rírọ̀ tó gùn ní mítà 401, tó ń mì lókè igi bí ènìyàn bá ti gbẹ́sẹ̀ lé e, ẹ̀rín àti igbe wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹyẹ dúró nítòsí. Kò sì sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi, nítorí afárá náà ń dẹ́rù bani ní tòótọ́. Ẹni tó bá wá nítorí ẹyẹ a máa tètè dé kí èrò tó pọ̀, a sì máa rọra tẹ̀lé ọ̀nà pákó tí wọ́n tẹ́ sórí irà, ibi tí òjìji ti nípọn, tí omi sì dúró jẹ́ẹ́.

Irinṣẹ́ iṣẹ́ yìí kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni awò olójú méjì tó ń fa ohun òkèèrè súnmọ́ni. Èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára ni ọ̀pọ̀ ń lò: 8 ń sọ iye ìgbà tí ẹyẹ yóò fi tóbi lójú ju bó ṣe rí lọ, 42 sì ń sọ bí gíláàsì iwájú ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà, nítorí bó bá ṣe fẹ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ṣe ń pọ̀ tó. Ìwé tí Nik Borrow àti Ron Demey kọ lórí àwọn ẹyẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wúlò gidigidi, ṣùgbọ́n ẹni tó mọṣẹ́ kì í ṣí i nígbà tí ẹyẹ bá ṣì wà níwájú rẹ̀, nítorí ẹyẹ lè fò lọ, ìwé kò sì ní ìyẹ́ tí yóò fi sá. Ohun tí ojú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ni bí ara ẹyẹ náà ṣe tóbi tó, èyí tí wọ́n ń fi ẹyẹ tí ojú ti mọ̀ díwọ̀n: ṣé ó tó àdàbà, ṣé kò ju ẹ̀gà lọ, ṣé ó tó àkùkọ? Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wo àgógó ẹnu, gígùn ẹsẹ̀, bí ìrù ṣe là, àti ìṣesí rẹ̀ bó bá ń rìn tàbí bó bá ń fò. Àwọ̀, tí ọ̀gbẹ̀rì máa ń sáré dì mú, ni ó yẹ kó kẹ́yìn, nítorí bí oòrùn àárọ̀ bá wà lẹ́yìn ẹyẹ, aláwọ̀ aró yóò di dúdú lójú ẹni tó ń wò ó.

Orúkọ tí Yorùbá fún ẹyẹ jẹ́ ẹ̀rí tó níye lórí, síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà lásán ni àwọn mìíràn nínú wọn. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ lékèélékèé, ẹyẹ tí funfun rẹ̀ di àkàwé, tí àwọn ọmọdé máa ń na ọwọ́ sí lókè kó lè fún wọn ní funfun èékánná. Nínú àbàtà, ó kéré tán, ẹyẹ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ orúkọ kan náà yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èkíní ni èyí tó ń tẹ̀lé màlúù, tó ń ṣa tata tí pátákò màlúù bá lé jáde nínú koríko; ọrùn rẹ̀ kúrú, àgógó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, bí àsìkò àti yé ẹyin bá sì dé, ìyẹ́ orí, àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ a máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé erùpẹ̀ ló ta sí i. Èkejì rí tẹ́ẹ́rẹ́, àgógó rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà dúdú, ṣùgbọ́n ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, bí ẹni pé ó wọ bàtà. Ó sì máa ń fi ìka wọ̀nyí ru ẹrẹ̀ kí ẹja kéékèèké lè sá jáde. Ẹ̀kẹta ga fíofío, ọrùn rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, ó sì ṣẹ́ kọ́rọ́ láàárín bí apá tó tẹ̀ ní ìgúnpá. Ọ̀gbẹ̀rì lè fẹ́ fi àgógó dá a mọ̀, ṣùgbọ́n àgógó ẹyẹ yìí máa ń yí padà láti ìyeyè sí dúdú bí ó bá fẹ́ yé ẹyin. Àmì tí kì í tanni ni ìlà ẹnu rẹ̀, tó gùn kọjá ẹ̀yìn ojú. Ẹni tó bá ti kígbe pé lékèélékèé ni, tó sì gbé awò kalẹ̀, ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ẹyẹ méjì síta.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ alápàǹdẹ̀dẹ̀ rí. Èyí tí ìrù rẹ̀ là bí ẹ̀mú, tí ìyẹ́ méjì sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù náà, lè jẹ́ àlejò tó tọ́ ọmọ rẹ̀ ní Yúróòpù, tó wá lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nílẹ̀ Áfíríkà. Èyí tí ìrù rẹ̀ gé ṣánṣán, tí ìdí rẹ̀ funfun, tí ìyẹ́ apá rẹ̀ sì tẹ̀ bí dòjé, kò bá a tan rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń mú kòkòrò jẹ. Wáyà iná ni adájọ́ níbí: ẹyẹ àkọ́kọ́ lè bà lé e, èkejì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré débi pé ara ògiri nìkan ló lè rọ̀ mọ́.

Bí ojú bá tilẹ̀ ń ṣe gbogbo èyí, etí ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú irà, níbi tí ewé ti ń bo ohun gbogbo. Níbí ni ẹni tó gbọ́ Yorùbá láti kékeré ti ní àǹfààní tí kò wọ́pọ̀, nítorí etí rẹ̀ ti mọ́ ìyàtọ̀ láàárín ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní mí, re àti dò, kò sì sí ohun tó ní kó má fi wọ́n kọ igbe ẹyẹ sínú ìwé. Ẹ̀lúlùú, ẹyẹ aláwọ̀ ilẹ̀ tí òwe sọ di ẹni tó pe òjò lé orí ara rẹ̀, máa ń bẹ̀rẹ̀ ní re, a sì máa yára sọ̀ kalẹ̀ lọ sí dò, bí omi tó ń tú jáde lẹ́nu agbè, kó tó tún gbé ohùn sókè díẹ̀ níparí. Apẹja aláwọ̀ aró kan wà, tí àgógó rẹ̀ pupa lókè, tó dúdú nísàlẹ̀, tó jẹ́ pé kòkòrò àti aláǹgbá ló ń jẹ ju ẹja lọ. Mí kan ṣoṣo tó mú ṣáṣá ló fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ohùn gbígbọ̀n kan yóò rọra rọ̀ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹyẹ kò mọ àmì ohùn, ohùn wọn sì máa ń bọ́ sáàárín re àti dò nígbà púpọ̀, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wúlò ju kíkọ pé ẹyẹ kan ń ké lọ.

Ẹ̀gà ni wọ́n máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú jù, nítorí ó pọ̀, ó sì ń pariwo, bẹ́ẹ̀ òun sì ni ẹyẹ tó lè kọ́ni bí a ti ń dá nǹkan mọ̀. Akọ ẹ̀gà abúléko a máa hun ìtẹ́ rẹ̀ rọ̀ sórí imọ̀ ọ̀pẹ, a sì máa sorí kodò nísàlẹ̀ rẹ̀, tí yóò máa gbọn ìyẹ́ kí abo lè wá yẹ̀ ẹ́ wò. Abo tó bá gbà yóò yé ẹyin síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyẹ kékeré kan tó ń dán bí ewé, diederik cuckoo, ń ṣọ́ ọ láti wá fi ẹyin tirẹ̀ sínú ìtẹ́ náà kí ẹlòmíràn lè bá a tọ́ ọmọ. Ẹ̀gà kò fara mọ́ ìrẹ́jẹ yìí. Ẹyin àwọn abo yàtọ̀ síra wọn, ti òmíràn funfun, ti òmíràn jẹ́ àwọ̀ sánmà, ti àwọn kan sì ní àmì tóótòòtó, àmọ́ abo kọ̀ọ̀kan kì í yí irú tirẹ̀ padà, ìdí nìyí tó fi lè mọ ẹyin àlejò, tó sì lè dà á nù. Ẹni tó ń fi awò wo ẹ̀gà ń wo ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù ú lọ.

Lórí omi tí òṣíbàtà bò, ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní jakánà ń fi ìka ẹsẹ̀ gígùn rìn lórí ewé láìrì. Akọ rẹ̀ ló ń sàba, òun náà ló sì ń gbé ọmọ mọ́ abẹ́ ìyẹ́, débi pé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yóò máa rọ̀ jọ̀ọ̀rọ̀jọ̀ sísàlẹ̀, tí ẹni tó ń wò yóò fi rò pé ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ló rí. Ohun tó bá yọ orí sókè lẹ́bàá ibẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ gùn, tí ahọ́n rẹ̀ là, awọ́nríwọ́n ni. Ọ̀nì kì í na ọrùn bẹ́ẹ̀, ojú àti ihò imú nìkan ló máa ń fi síta.

Gbogbo èyí ń wọ ìwé. Ìlànà iṣẹ́ àkójọ ibùgbé àwọn ẹyẹ Nàìjíríà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ni pé kí olùwòye lo ó kéré tán wákàtí méjì lórí ilẹ̀ onígun mẹ́rin kan tí wọ́n pín sọ́tọ̀, kó sì to àwọn ẹyẹ bó ṣe ń bá wọn pàdé, èyí tó kọ́kọ́ rí ṣáájú, èyí tó rí gbẹ̀yìn ní ìsàlẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi òtítọ́ inú kọ kì í ṣàìní ìlà kan tó ṣófo. Níbi tí ó yẹ kí orúkọ wà, wọn yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ẹyẹ kékeré, ó kéré sí ẹ̀gà, ẹ̀yìn bí ewé, àyà bí ìyeyè, orí igi ògùrọ̀, aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mí mí dò, ó fò lọ.