Òkú Tims Creek Kì Í Ṣe Eégún

Ó ti di àṣà láàárín àwa tí a ń ṣe lámèyítọ́ pé bí òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan bá ti mú òkú sọ̀rọ̀ nínú ìtàn, kíá ni a ó ti wá àbíkú tàbí eégún fún un, a ó ní ẹ̀jẹ̀ ló ń fà á, a ó sì pa ìwé dé. Nígbà tí wọ́n bá tilẹ̀ rántí Randall Kenan, ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀, ojú yìí náà ni wọ́n fi ń wò ó. Èmi kò gbà. Ní Brooklyn ni wọ́n bí Kenan ní 1963, ṣùgbọ́n Chinquapin, ìletò kékeré kan ní agbègbè Duplin, ìpínlẹ̀ North Carolina, ló ti dàgbà, láàárín oko tábà àti ọgbà ẹlẹ́dẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, òfófó iwájú ilé àti ìwé eré aláwòrán tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ń kà ni orísun abàmì rẹ̀. Ìwé ìtàn àròsọ mẹ́ta péré ló fún àwọn àgbà ní kíkà: A Visitation of Spirits ní 1989, Let the Dead Bury Their Dead ní 1992, àti If I Had Two Wings tó jáde ní oṣù kẹjọ 2020, oṣù tí òun fúnra rẹ̀ kú gan-an. Ọdún 28 ló wà láàárín èkejì àti ẹ̀kẹta, ọjà ìwé kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀. Tims Creek, ìlú tó fi Chinquapin ṣe àwòkọ́ rẹ̀, ni ibùdó ìtàn tó ń padà sí lemọ́lemọ́.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ Clarence Pickett wò dáadáa, nítorí ọmọ yìí ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹ̀rí àbíkú. Inú ìtàn kúkúrú tó ṣíde ìwé 1992 ló wà. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tó kú. Kó tó kú, ó ti ń jíṣẹ́ òkú fún alààyè, ọjọ́ tó sì kú ni Francis, ẹlẹ́dẹ̀ Wilma Jones, ṣíwọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Àmọ́ àbíkú a máa lọ, a máa bọ̀. Ó ní ẹgbẹ́ lọ́run. Orúkọ rẹ̀, ìbáà ṣe Málọmọ́ tàbí Dúrójayé, ẹ̀bẹ̀ ni. Àwọn òbí rẹ̀ sì mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n lè gbé e lọ. Clarence wá lẹ́ẹ̀kan, ó sì lọ lẹ́ẹ̀kan. Eégún ní tirẹ̀ ní ọjọ́, ó ní aṣọ, ó ní agbo ilé tó ń jáde láti inú rẹ̀. Òkú Tims Creek kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ẹnu ọmọdé ni wọ́n ń gbà wọlé, lásìkò tó bá wù wọ́n. Kò sí ẹnikẹ́ni ní ìlú náà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dá ohùn òkú mọ̀ kó sì sọ ohun tí a ó ṣe sí i. Nítorí náà, ọrùn ìlú ni ìdájọ́ bọ́ sí, Kenan sì fi ìlú fúnra rẹ̀ ṣe asọ̀tàn: “àwa” ló ń sọ ọ́. “Àwa” yìí jẹ́wọ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà pé ẹlẹ́dẹ̀ náà sọ̀rọ̀ rí, síbẹ̀ ó mọ orúkọ rẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ tó dákẹ́. Kò pariwo, kò sì yanu. Bí ẹni ń ròyìn òjò àná ló ṣe ń sọ ọ́, ìdákẹ́jẹ́ ohùn yìí ló sì mú kí òǹkàwé gbà á gbọ́. Èmi kò mọ òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà ìgbà rẹ̀ tó lo ọgbọ́n yìí dára jù ú lọ.

Ní ibí yìí, ọ̀rọ̀ mi yà kúrò lójú ọ̀nà tó kọ́kọ́ gbà, nítorí ibi tí òkú ti wá kò ṣe pàtàkì tó ohun tí ìlú lè fara dà. Níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ tí Clarence ń jẹ́ bá jẹ́ àṣírí àti ìmọ̀ràn, àwọn ará ìlú ń mi orí, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Ìgbà tí Ellsworth Batts, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, gbọ́ ohùn ìyàwó náà lẹ́nu ọmọ yìí, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri, ni ìlú dìde. Ikú ọkùnrin náà sì ni ọ̀rọ̀ yọrí sí. Ẹnikẹ́ni kò lè dá ìlú lẹ́bi pé ó dáàbò bo ọmọdé, Kenan náà kò sì dá a lẹ́bi. Àmọ́ ó jẹ́ kí a rí ibi tí ààlà wà: ẹlẹ́dẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ kò dà wọ́n láàmú, ìfẹ́ tó gba ọ̀nà tí wọn kò mọ̀ ni ẹ̀rù wọn.

Ẹ fi Horace Cross inú A Visitation of Spirits ṣe òṣùwọ̀n èyí. Ọmọ ọdún 16 ni, olórí pípé, ìrètí ìdílé tó ti ń bí oníwàásù àti díákónì láti ìran dé ìran. Ọkùnrin bíi tirẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí, ó sì mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì kò ní í gbà á. Nítorí náà, ó pinnu láti fi oògùn para dà di àwòdì onírù pupa. Ẹ kíyè sí i pé kò fẹ́ fò jìnnà: ẹyẹ tí ilẹ̀ náà mọ̀ ló yàn, kó lè máa gbé ìlú tí kò fẹ́ ẹ bó ṣe wà. Àlùpàyídà náà kò jẹ́. Kàkà kó di ẹyẹ, àwọn ẹ̀mí èṣù ló gbà á lọ́wọ́, wọ́n sì ń tì í káàkiri òru, tòun ti ìbọn, láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé ìwé.

Àwọn kan yóò sọ pé àìsàn ọpọlọ ni gbogbo èyí, pé a kò gbọdọ̀ ka ìwé náà mọ́ ìtàn òtítọ́-abàmì, ìyẹn ìtàn tí abàmì ti ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbé ayé ojoojúmọ́. Àìfarabalẹ̀ ni mo ka èyí sí. Kenan kọ ọjọ́ àti wákàtí sí orí ìtàn rẹ̀ bí ìwé ọlọ́pàá, ó sì jẹ́ kí ẹ̀mí èṣù sọ̀rọ̀ lábẹ́ wákàtí kan náà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀. Kò dá wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìgbà tí Horace yìnbọn pa ara rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 1984 nìkan ni àwọn ẹ̀mí pa rẹ́. Níbẹ̀, ohun tí ọta ń ṣe sí egungun àti ọpọlọ nìkan ni asọ̀tàn ń kà sílẹ̀, bí ẹni ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì. Bó bá jẹ́ àìsàn lásán ni Kenan ní lọ́kàn, ìyípadà ohùn yìí kì bá tí ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe.

Ìtàn tó gbẹ̀yìn ìwé 1992, tó fún ìwé náà lórúkọ, ló kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Kenan kọ ọ́ bí iṣẹ́ ìwádìí: ìtàn àtẹnudẹ́nu nípa àwọn ẹrú tó sá lọ tẹ Tims Creek dó, àti òkú tó jí dìde níbẹ̀. Àlàyé ìsàlẹ̀ ojú-ìwé sì wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi, tí ìwé tòótọ́ àti ìwé àròsọ jọ wà nínú wọn, débi pé a kò mọ èyí tí à bá gbà. Wọ́n ti yìn ín fún ọgbọ́n yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ní ó kó ìtàn náà jọ ni wọn kì í wò. James Malachai Greene ni, pásítọ̀, ìbátan Horace, Jimmy inú ìwé àkọ́kọ́. Òun ni Horace fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lọ̀. Ohun tó sì rí sọ fún un ni pé yóò yí padà. Ọkùnrin tí kò gbọ́ ohun tí ọmọ alààyè ń sọ níwájú rẹ̀ ni Kenan gbé kálámù fún láti fi ọ̀wọ̀ kọ ọ̀rọ̀ òkú sílẹ̀, kó sì ṣe àlàyé rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ.