Ìdáhùn Láìsí Àlàyé: Lámèyítọ́ lórí Ìwé Ìbéèrè Àtẹ̀yìnwá nínú Ìṣirò

Bí ìṣirò bá le, ìwé ìdáhùn sí ìbéèrè WAEC àtẹ̀yìnwá ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà ń sá tọ̀. Àléébù irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni pé ìdáhùn máa ń pọ̀ ju àlàyé lọ. Bí àpẹẹrẹ, x² − 5x + 6 = 0 á di (x − 2)(x − 3) = 0, ìdáhùn á sì jẹ́ 2 tàbí 3. Ìwé kò sọ pé nọ́ńbà méjì tí ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ 6, tí àròpọ̀ wọn jẹ́ −5, ni akẹ́kọ̀ọ́ ń wá. Bẹ́ẹ̀, ìgbésẹ̀ pàápàá ń gba máàkì nínú ìdánwò. Bí nọ́ńbà bá yí padà, ọ̀nà á dí mọ́ ẹni tó kọ́ ìdáhùn sórí. Ìwé tó fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn ló ń ranni lọ́wọ́.